Àga Onítáyà

Àga onítáyà tó ṣófo ni obìnrin náà ń tì bọ̀ láti òdìkejì títì, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, àwọn ọkọ̀ sì ń dúró fún un. Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń wo ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wo inú àga náà, bíi pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí aláìsàn já bọ́ sí. Kò wo ẹnì kankan. Aṣọ funfun àwọn tó ń ta oògùn ló wọ̀, irun rẹ̀ ti tú lápá kan, ó sì ń rìn bí ẹni tó ti rẹ̀ kó tó jí láàárọ̀.

Ọkùnrin tó ń tún irú àga bẹ́ẹ̀ ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gíríìsì kún ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ àga náà. Òun fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ táyà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí ọjà gbàǹjo orí ayélujára, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń ta àga àlòkù fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó bá ti àga òfìfo padà wá kò wá dúpẹ́.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣan ọwọ́ mi."

Nígbà tó fi máa ti ẹ̀yìn ilé dé, obìnrin náà ti jókòó sínú àga tó tìtorí rẹ̀ wá jà, ó ti gbé orí lé èjìká, ó ti sùn lọ.

Ọkùnrin náà dúró. Ó ti rí oríṣiríṣi oníbàárà tó ń bínú: àwọn tó ń pariwo, àwọn tó ń ṣẹ́ èpè. Kò tíì rí èyí tó sùn. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ibi tí ìbínú wà lẹ́ẹ̀kan, àárẹ̀ nìkan ló kù síbẹ̀, nǹkan kan sì rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó fi páálí dí ojú fèrèsé kí oòrùn má baà ta sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó mú sípánà, ó yẹ bíréèkì wò. Nọ́ọ̀tì ọwọ́ òsì ti jẹ tán. Bó ti wù kí wọ́n tẹ bíréèkì náà tó, kò lè di táyà mú.

Orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà bá a nígbà tó lajú.

"Kí lẹ ń ṣe nídìí ẹsẹ̀ mi?"

"Bíréèkì ni, mà. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀."

Ojú ti obìnrin náà. Ó dìde fìrì, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wá rántí pé ìjà lòun bá wá. Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Ẹ ka ohun tí ẹ kọ síbí fún mi."

Ọkùnrin náà kà á: "Àga tó dára jù lọ! Bíi tuntun! Kò ní àbùkù kankan! Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́!"

"Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóòótọ́," ni obìnrin náà wí. "Bàbá mi ló wà nínú ẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo yíjú kí n ti ilẹ̀kùn, kí n tó wẹ̀yìn, wọ́n ti ń yí lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà wa. Gbogbo ìgbọ̀nwọ́ wọn ló bó. Orí ló yọ wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù. Òun ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ sídìí ọjà wọn. "Ẹni tó bá ra àlòkù, ṣebí ó mọ̀ pé àlòkù lòun rà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́."

"Àwọn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n ń gbé bàbá tiwọn lé e?"

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà.

"Owó kọ́ ni mo ń wá. Bí mo bá dá àga padà, ẹ̀yìn mi ni màá fi máa pọ̀n wọ́n. Ẹ ṣáà yọ irọ́ yẹn kúrò kí ẹlòmíì má baà tún rà á."

"Báwo ni ká ṣe wá máa kọ ọ́?" ni ọkùnrin náà bi í.

Obìnrin náà wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí i pé kò ṣe yẹ̀yẹ́. "Bí mo ṣe ń kọ tèmi mọ́ ara ike oògùn. Ohun tó jẹ́. Ohun tó lè ṣe. Ohun tí kò lè ṣe. Ibẹ̀ lẹ máa dúró."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà wá sílé wọn láti wo bí ìgbọ̀nwọ́ Bàbá ṣe ń ṣe sí. Wọ́n ti sọ pálọ̀ di ilé ìwòsàn: bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ike omi àti òróró ìpara wà nílẹ̀, aṣọ fífọ̀ sì ga lórí ìjókòó. Ìyá ti kú, obìnrin yìí nìkan sì lọmọ. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá lápá kan, òun ló ń wẹ̀ wọ́n kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló tún ń wẹ̀ wọ́n bó bá dé.

"Ìwọ lo fẹ́ pa mí," ni Bàbá wí.

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Mo ti dárí jì ọ́. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, mi ò sá irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́: má pè é ní kẹ̀kẹ́ arọ nínú ilé yìí. Àga ni. Onítáyà ni. Ó tán."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Bí ọkùnrin náà ṣe di ẹni tó ń yà síbẹ̀ nìyẹn. Á gbé Bàbá láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, obìnrin náà á sì fẹ̀yìn ti ògiri fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì á jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á máa kọ ọ̀rọ̀ ọjà. Ọkùnrin náà á sọ ohun tó mọ̀ nípa àga, obìnrin náà á máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

"Báwo ni èyí ṣe rí?"

"Ó dára gan-an."

"'Gan-an' ò sọ nǹkan kan fún mi. Kí ló dára níbẹ̀? Kí ni ò dára?"

"Olóògùn, o le o."

"Mẹkáníìkì, dáhùn."

Ohun tí wọ́n jọ kọ nípa àga kan rèé:

"Àga onítáyà, àlòkù. Ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó ká tó rà á. A ti pààrọ̀ bíréèkì méjèèjì, a sì ti dán wọn wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀. Awọ ìjókòó ya lápá ọ̀tún. A ti rán an, ẹ wo fọ́tò kejì. Ó máa ń dún bó bá ń yí sọ́wọ́ òsì. A ò tíì mọ ohun tó fà á. Ó wúwo, ẹnì kan kò lè dá a gbé sínú ọkọ̀. Ẹ wọn ìbàdí ẹni tó máa jókòó sí i, kí ẹ sì pè wá kí ẹ tó fowó lé e."

"'A ò tíì mọ ohun tó fà á,'" ni ọkùnrin náà tún kà. "Ta ló máa ra èyí?"

"Ẹni tó ti rẹ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "Ẹni tí ò lágbára àtidá nǹkan padà mọ́."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun ti kó sí wàhálà.

Gbàǹjo náà parí, iye tí wọ́n fi lé àga náà kò sì tó èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fojú sí. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, owó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tù jọ ni wọ́n sì fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Inú bí i.

"Ọmọbìnrin yẹn ń kọ ọjà wa bí ẹni ń kéde òkú!"

"Ẹ ní sùúrù, Àǹtí mi."

"Ṣé sùúrù ni màá kó fún onílé bó bá dé?"

Kò sọ fún àbúrò rẹ̀ tó fi mú àga ọmọdé kan láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ látijọ́: bíi tuntun, kò ní àbùkù. Àga náà kò tíì parí. Ìtìsẹ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin náà fẹ́ pààrọ̀ tó fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n rà á, owó gidi sì ni wọ́n rà á. Kò pẹ́ tí ẹni tó rà á fi kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i: "Ọjọ́ tí a gbé e dé ni ìtìsẹ̀ já. Òpùrọ́ làwọn èèyàn yìí."

Obìnrin náà rí i níbi iṣẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà pè é, ó gbé e.

"Àga ọmọdé yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ tà á?"

"Àwa ni."

"Ṣé o mọ̀ pé ìtìsẹ̀ ẹ̀ ò dára?"

"Mo mọ̀."

Ó lè fi kún un pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ti tà á. Ṣùgbọ́n bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà kalẹ̀ yẹn. Ó panu mọ́.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rọlẹ̀ ni. "Mi ò lágbára ìjà. Ó ti rẹ̀ mí. Má wá mọ́."

Ọkùnrin náà kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo. Ó gbé àpò irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. "Ẹ tẹ̀ lé mi, Àǹtí mi."

Nílé ẹni tó ra àga náà, ìborùn ni ìyá fi so ìtìsẹ̀ mọ́ irin àga. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kí wọn dáadáa. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ta àga mi?" ló bi ẹ̀gbọ́n. "Ó rẹwà nínú fọ́tò." Ẹ̀gbọ́n di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú títí àbúrò rẹ̀ fi parí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.

"Kí lẹ fẹ́ rà, mà?" Obìnrin náà ò tíì gbójú sókè.

"Mi ò ra nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ọ́. Kò mọ̀. Kò tíì parí iṣẹ́ lára àga yẹn tí mo fi tà á mọ́ ọn lójú. Ó mọ̀ pé bóun bá sọ, èmi lẹ máa bínú sí, ló fi dákẹ́. Láti kékeré ló ti máa ń gba ẹgba tèmi jẹ."

Oníbàárà kan lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, orí ń fọ́ mi."

"Ẹ fara dà á, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó là ń sọ."

"Ta ló sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?" ni obìnrin náà bi í, ṣùgbọ́n gbogbo orí ìlà ti ń rẹ́rìn-ín, ojú òun náà sì ti gbóná.

Ọkùnrin náà wá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n jókòó síwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé Bàbá.

"Inú mi ti yọ́ sí ọ," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n wò mí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá ni, aṣọ wọn ni, oúnjẹ wọn ni. Bí mo bá fìdí kanlẹ̀, oorun ni. Irú ìyàwó wo nìyẹn? Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀, mi ò sì lè gbé wọn lọ bá ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀."

Ọkùnrin náà kò búra, kò ṣèlérí. "Jẹ́ kí n lọ ronú," ló wí, ó sì lọ.

Obìnrin náà rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ni Bàbá wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ó ní òun ń lọ ronú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀."

Nígbà tó padà wá, òòlù àti pákó ló gbé dání. Ó ti kíyè sí ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó fún jù, àga Bàbá kò lè gbà á kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Ó gbàṣẹ lọ́wọ́ Bàbá, ó fọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó fẹ̀ ẹ́. Ó kan irin mọ́ ògiri tí èèyàn lè dì mú, ó sì tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ náà pẹ́, torí ẹ̀yìn iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń ráyè ṣe é. Eruku bo gbogbo aṣọ tí obìnrin náà fọ̀, ó sì bínú dáadáa.

Ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń dá àga padà ti dín kù. Àwọn tó rajà ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ làwọn ṣe bá a, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń júwe wọn fún àwọn ẹbí aláìsàn. Wọn ò tíì di olówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ba ẹ̀gbọ́n mọ́ bí fóònù bá dún. Òun náà ló tún padà ń kọ ọ̀rọ̀ ọjà, á sì pe obìnrin náà níbi iṣẹ́ láti bi í léèrè.

"Àbààwọ́n kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó. Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Ẹ kọ ọ́, Àǹtí."

"Abẹ́ ló wà o. Ta ló máa dọ̀bálẹ̀ kó tó rí i?"

"Ẹ kọ ọ́."

"Ìyàwó wa, o máa pa wá." Síbẹ̀ á kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ balùwẹ̀ parí, Bàbá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn tó ṣì lágbára yí àga wọn wọlé. Wọ́n yí padà, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn tì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Obìnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Bàbá, ṣé kí n wọlé wá?"

"Rárá! Ta ló pè ọ́? Ẹ jẹ́ kí n ráyè wẹ̀!"

Òun àti ọkùnrin náà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí iṣẹ́ kankan fún wọn láti ṣe, kò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé wọn sí. Ọkùnrin náà mú ọ̀kan.

"Mo ti ronú," ló wí. "Yàrá ẹ̀yìn yẹn ṣófo. Èmi ni màá kó wá. Mo fẹ́ máa jí ṣáájú rẹ láàárọ̀, kí n wo Bàbá, kó o lè máa sùn."

"Torí ìyẹn lo ṣe fẹ́ fẹ́ mi?"

"Torí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni. Bí mo ṣe fẹ́ máa ṣe é ni mò ń sọ fún ọ yẹn."

Omi gba ojú obìnrin náà kó tó mọ̀. Ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé kó máa sùn.

"Ká kọ́kọ́ lọ sí kóòtù," ló wí, "kí wọ́n so wá pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ẹrù rẹ wá."

"Mo gbọ́ o!" ni Bàbá kígbe láti inú balùwẹ̀. "Ṣé inú ọṣẹ yìí ni kí n ti súre fún yín, àbí kí n parí ìwẹ̀ ná?"

"Ẹ parí ìwẹ̀ yín, Bàbá," ni obìnrin náà dáhùn, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "À ń dúró."