Sípù Ẹ̀yìn Ẹranko Náà

Igbe tí mo gbọ́ lórí pèpéle lọ́sàn-án Sátidé yẹn kì í ṣe igbe ẹni tó ń ṣeré. Èmi nìkan ló mọ̀, nítorí mo ti gbọ́ ọ rí.

Lọ́dún 1957, èmi Orville Tackett ni mo darí fíìmù ẹranko tó já bọ́ láti inú òṣùpá, ní aginjù Kalifọ́níà. Kò sówó lọ́wọ́ wa. Rọ́bà la fi ṣe ẹranko náà, àbúrò mi Lester ló wọ̀ ọ́. Sípù há lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn sì mú ganrínganrín. Ó ń forí gbá àpáta, ó ń fi èékánná ya àyà ara rẹ̀, ó ń ké.

Oníkámẹ́rà ní, "Ọ̀gá, ọmọ yìí ń kú lọ o!"

Mo ní, "Máa yà á lọ. Fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà yẹn nìkan ló kù."

Nígbà tí sípù máa fi ṣí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Irọ́ ni mo pa fún ìyá wa.

Fíìmù náà burú débi pé ó di ẹ̀rín, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di àkúnlẹ̀bọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kún ilé sinimá kan nílùú Fresno láti wò ó. Bí sípù bá ti yọ lẹ́yìn ẹranko náà, gbogbo wọn á ké: "Sípù ẹ ti yọ o, bàbá ẹranko!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú ara mi á sì máa tì mí. Chuck tó ń ta gúgúrú níbẹ̀ ni mo máa ń yá aṣọ rọ́bà náà gan-an, kó fi ṣeré lórí pèpéle bí fíìmù bá ń lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹranko orí pèpéle náà forí gbá ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lé. Ó tún gbá a. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́: "Kú dáadáa, jàre!"

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Chuck ni.

"Bàbá, ta lẹ gbé aṣọ fún? Mi ò tíì wọ̀ ọ́ o."

Mo sáré gun pèpéle, mo di sípù náà mú. Èékánná mi méjì ṣí kúrò kó tó gbà. Yanrìn gbígbóná ló dà jáde, kò séèyàn nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ rọ́bà náà di tèmi mú pinpin, ohùn kan sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí:

"Bùrọ̀dá, ṣé wọ́n ti yà á tán?"

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti dìde, wọ́n ń ké: "Ẹ tún un ṣe! Ẹ tún un ṣe!" Sípù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padé lọ́wọ́ mi.