Ìkọ́kọrẹ́ Ellen àti Oòrùn Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọbìnrin. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó fi í sápò. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó bu tèmi wá. Orin ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu kí ìtàn tó tẹ̀ lé e, ẹ bá mi gbè é:

Iná ń jó, ìkòkò ń hó,
— Ẹ wá wò ó!
Ẹni tó sè é tó bàjẹ́,
— Á tún un sè!

Ó ṣeun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní Ìkẹ́nnẹ́, Ellen Olúsànyà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, dúró ti ìkòkò ńlá kan lẹ́yìnkùlé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ìyàwó tuntun. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà nínú ìkòkò náà: ewùrà tí òun fúnra rẹ̀ rin, ẹja, pọ̀nmọ́, ata àti epo pupa. Ọgbọ̀n ọ̀dọ́ akọrin ń bọ̀ láti Ṣàgámù wá bá ìjọ wọn fi orin wọ Ọjọ́ Ìsinmi, Ellen ló sì máa bọ́ wọn.

Ìjọ Adventist ni ìjọ wọn. Tí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dáná mọ́ títí oòrùn ọjọ́ kejì á fi wọ̀. Gbogbo oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti jinná kí oòrùn tó lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ fún Ellen. Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àmọ́ bàbá rẹ̀, tí ń tún iná mànàmáná ṣe ní yunifásítì, ń mi orí. Bàbá náà kò sì jayò pa. Lọ́dún tó kọjá, Ellen se mọ́ínmọ́ín fún ìjọ, mọ́ínmọ́ín náà kọ̀, ó ní òun ò ní í dì. Kọ́ọ̀pù ni wọ́n fi mu ún. Láti ọjọ́ náà làwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń pè é ní “Ellen Ológì.”

“Ellen,” bàbá rẹ̀ ti sọ fún un, “ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Tí àwọn àlejò bá jẹ oúnjẹ rẹ tán lọ́jọ́ Ẹtì, màá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ. Tí wọn ò bá jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ àbúrò mi lò ń lọ, o máa kọ́ kọ̀ǹpútà.”

Ìyá rẹ̀ ò sì sí nílé, ó ti lọ sí Likosi lọ wẹ ọmọ tuntun fún àbúrò rẹ̀. Ellen àti Inúolúwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà nílé.

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì lọ fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Wọn ò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa fi dé, Ìyá Ikhlas ti wà nídìí ìkòkò, ó ń lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

Mùsùlùmí ni Ìyá Ikhlas, kò tíì ju oṣù méjì lọ tó kó wá sínú ọgbà ilé wọn láti Ìbàdàn. Kì í ṣahun rárá. Tó bá rí ọmọ tó ń sunkún, á fún un lóúnjẹ. Tó bá rí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, á fún un lóúnjẹ.

“Ellen ọmọ mi, oúnjẹ yìí ò bá tẹ́ o! Ọpẹ́lọpẹ́ mi. Mo ti bá ọ tún un ṣe.”

“Ẹ ṣé, mà. Kí lẹ fi sí i?”

“Edé ni. Edé lílọ̀. Odidi agolo kan. Mi ò ṣahun sí ọ rárá!”

Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Ellen. Ẹ̀yin ọmọ, ohunkóhun tó ń gbé inú omi tí kò ní lẹbẹ, tí kò ní ìpẹ́, wọn kì í jẹ ẹ́ nínú ìjọ Ellen. Edé ò sì ní lẹbẹ, kò ní ìpẹ́; irunmú gígùn ló ní.

Nígbà tí Ellen ṣàlàyé, Ìyá Ikhlas ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Àṣé ẹ̀yin náà ní haráàmù tiyín? Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo rò pé ẹ kì í jẹ! Ta ló máa rò ó pé edé kékeré báyìí lè dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí?”

Inúolúwa fa Ellen sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbọ́, má pariwo. Ó ti lọ̀, ó ti wọnú epo. Ṣé edé máa dìde nínú ikùn wọn kó pe orúkọ ara rẹ̀ ni? Bù ú fún wọn jàre.”

Ellen wo ìkòkò. Ohun tó dùn ún jù ni pé òórùn rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá dákẹ́, àwo á mọ́, bàbá rẹ̀ á fọwọ́ sí ìwé, orúkọ Ológì á kú. Tó bá sọ̀rọ̀, ó di kọ̀ǹpútà. Ó mú ṣíbí ìbọbẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó tún mú un.

“Inú,” ló wí níkẹyìn, “wọ́n á gbàdúrà sí i kí wọ́n tó jẹ ẹ́, wọ́n á sì ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tó sè é. Ọwọ́ mi nìyẹn. Mi ò lè ṣe àmín sí i.”

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Màmá Oyèkọ́lá, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá náà ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun báláú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀.

“Ellen, ìwọ àti ìkòkò, ẹ ò tíì parí ìjà yín?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú. O sọ òótọ́, ìyẹn dára. Búrẹ́dì la ó rà fún wọn. Ìwọ lọ sinmi.”

Ọ̀rọ̀ “lọ sinmi” yìí gún Ellen ju èébú lọ. Ó kúnlẹ̀. “Màmá, oòrùn ò tíì wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sè.”

“Ewùrà dà? Ọjà ti tú.”

“Màá wá a, mà.”

Màmá wo ojú ọ̀run, ó wo aago. “Agogo márùn-ún ti fẹ́ lù. Agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún loòrùn máa wọ̀. Tí iná bá ṣì wà lábẹ́ ìkòkò rẹ nígbà náà, èmi fúnra mi ni màá da omi sí i.”

Ellen sáré padà sílé, omijé àti àágùn ń bára wọn du ojú rẹ̀. Ibi tó ti ń rò ó pé ilé ta ni òun ó ti kọ́kọ́ tọrọ ewùrà lojú rẹ̀ ti bọ́ sára ìkòkò elédé yẹn. Ó dúró. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Ikhlas! Ẹ bá mi pariwo!”

Ẹni tí wọ́n ní kó pariwo, ó ti ń wá ẹni tó máa rán an níṣẹ́ ọ̀hún tipẹ́. Ìyá Ikhlas jáde sójú títì, ó fi ìdérí ìkòkò méjì lu ara wọn: “Ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná rè é o! A kì í tà á o! Gbé ewùrà kan wá, kó o gba abọ́ kan lọ! Ó ní edé nínú o, ẹni tí kì í jẹ edé kó má tan ara rẹ̀!”

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ta ni kò ní ewùrà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Bàbá Àdìsá onímọ́tò gbé méjì wá. Ìyá aláṣọ lódìkejì gbé mẹ́ta. Ọlọ́kadà kan fi èrò sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sáré lọ mú ti ìyá rẹ̀. Èrò náà bínú títí ó fi gbóòórùn, lòun náà bá bèèrè abọ́. Kí agogo márùn-ún ààbọ̀ tó lù, ewùrà ti ga dé orúnkún Ellen.

Ellen fi ẹja, ata àti epo tó ṣẹ́ kù gbé ọbẹ̀ tuntun kaná; ó ku bíbó, ó ku rínrin. Àwọn tó jẹun tán ò lè lọ, ojú ń tì wọ́n. Bàbá Àdìsá ń bó, ìyá aláṣọ ń fi agolo tí wọ́n dá lu ń rin ín, Inúolúwa ń họ ọwọ́ nítorí ewùrà ń yún un. Ellen dá orin, gbogbo ọgbà gbè é:

Oòrùn, dúró dè mí o,
Ewùrà mi ò tíì jinná.
Oòrùn ní, “N ò ní í dúró,
Ṣé èmi ni mo gbé edé síbẹ̀?”

Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni Màmá Oyèkọ́lá wọlé, aago lọ́wọ́ kan, korobá omi lọ́wọ́ kejì. Ó bá ìkòkò tuntun tó ń hó, ó bá ewùrà méjì tí wọn ò tíì rin. Ó wo Ellen tí àágùn bò. Ó gbé korobá sílẹ̀. Ó ká apá aṣọ funfun sókè.

“Ẹ fún mi ní agolo yẹn! Báyìí lẹ ṣe ń rin ewùrà? Ṣé ẹ ń fọwọ́ pa ológbò lórí ni?”

Ellen dá èyí tó kẹ́yìn sínú ọbẹ̀, ó dé e, ó ṣí i, ó rò ó pọ̀. Oòrùn ti di pupa lórí òrùlé. Ó tọ́ ọ wò. Ó ti jinná! Ó fa igi jáde, Màmá da omi sí iná, èéfín sọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Orin ìwọlé Ìsinmi ọjọ́ náà dùn, àmọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó tẹ̀ lé e dùn jù ú lọ. Akọrin ọgbọ̀n jẹ, wọ́n tún gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ abọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Ikhlas jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ìborí rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fetí sílẹ̀ pé òun ò fi nǹkan kan sí èyí o. Bàbá Ellen jẹ àwo mẹ́ta. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ellen, níbo ni fọ́ọ̀mù yẹn wà?”

Ellen sáré.

“Dúró! Ìsinmi ti wọlé. Lọ́la, tí oòrùn bá wọ̀, ni màá fọwọ́ sí i. Má kó mi sínú ẹ̀ṣẹ̀.”

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, olódodo lè ṣubú nígbà méje, dídìde ló mọ̀. Ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín kì í ṣe òpin yín. Ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹ sọ òótọ́, ẹ fi orúkọ Jésù bọ́ sórí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó rí i bí Ọlọ́run ṣe máa rán aládùúgbò sí yín. Gbogbo wọn jẹ, wọ́n yó, Mùsùlùmí yó, onígbàgbọ́ yó, ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ yó. Wọ́n kí ara wọn ó dàárọ̀, kálukú gbé ikùn rẹ̀ lọ sílé tayọ̀tayọ̀.