Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Festus

Ọjọ́ tí Festus Ọdẹ́tọ́lá kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, inú ń bí mi. Ọdún 1995 ni, ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀dà tuntun ti sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Èmi ò rí dáadáa kankan níbẹ̀. Gbogbo nǹkan ti ṣípò. Ibi tí mo ti máa ń tẹ ìwé jáde ti di ibi tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ padà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi. "Ṣé ẹ̀yin náà ò rí ibi tí wọ́n gbé e sí?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ni.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá a," mo ní.

"Ó dà bíi kéèyàn ti ibi iṣẹ́ dé, kí ìyàwó ẹ̀ ti tún yàrá tò láìsọ fún un. Ẹ rò pé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ jókòó sí, ìkòkò ọbẹ̀ lẹ bá níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí. Láàárín oṣù kan, ó ti ń pè mí ní Ìdíá mi, ó sì ń sìn mí dé ibùdókọ̀ Ìdímù lójoojúmọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò lè purọ́.

Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni wá ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, Mùsùlùmí sì ni wá. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Festus, yàrá méjì lòun àti ìyá rẹ̀ háyà ní Ìgàndó.

"A fún irú wọn nílé gbé," ni bàbá mi, Àlájì Sàlámì, wí nígbà tó gbọ́ nípa wa, "ṣé a ó tún fún wọn lọ́mọ ni? Ìdíátù, lọ́jọ́ kan ni yóò fi hàn ọ́ pé kì í ṣe ẹni tiwa."

Mo dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá fi mí ṣe olórí iṣẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni kan, ipò tí èmi àti Festus jọ ń fẹ́. Festus kí mi. "Ó yẹ ọ́, adúmáradán," ó ní. Ṣùgbọ́n kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi pè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti ya ogójì fọ́ọ̀mù sínú kọ̀ǹpútà: káàdì aláboyún, káàdì ọmọdé, gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí díìsì. Àkókò ìrun ti tó.

"Festus, bá mi tọ́jú ẹ̀ sí díìsì jàre, kí wọ́n má lọ múná lọ."

Nígbà tí mo padà dé, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ fòò bí àwo tí wọ́n fọ̀.

"Iṣẹ́ mi dà?"

"Mo tọ́jú ẹ̀. Bọ́tìnnì F2 ni mo tẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi mí ní ìbéèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sí níbẹ̀!"

"Ìdíá, mo tọ́jú ẹ̀."

A wá a títí, a ò rí i. Ọ̀gá jáde, àwọn yòókù náà sì pé lé wa lórí. Ọ̀gá bèèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?"

Gbogbo ohun tí bàbá mi sọ wá rọ́ sí mi lórí. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ̀rọ̀: "Ó ń jowú mi ni, sà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Festus wò mí. Kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀," ó ní. "Bóyá èmi ni. Mi ò mọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lé e.

Inú bàbá mi dùn. Tèmi dàrú. Ṣé ẹni burúkú ni mo fẹ́ràn ni, àbí ẹni rere ni mo ṣe níbi? Bí mo bá gba ọ̀kan gbọ́ láàárọ̀, ìkejì ni màá gbà gbọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti tún iṣẹ́ náà ṣe dé ìdajì. Máòsì ni mo máa ń fi tọ́jú àwọn fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mò ń kánjú. Mo tẹ F2, bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tí mo bá ń kọ ètò. Àpótí kékeré yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo fọ́ọ̀mù mi parẹ́.

Mo pariwo. Lẹ́yìn náà mo fara balẹ̀, mo tún un ṣe pẹ̀lú fọ́ọ̀mù òfìfo, mo ka ohun tó wà nínú àpótí náà. Níbi tí a ti ń kọ ètò, ohun tó ń béèrè ni pé: ṣé kí n tọ́jú ẹ̀? Níbi tí a ti ń ya fọ́ọ̀mù, àpótí kan náà, àwọ̀ kan náà, ojú ibi kan náà, ó ń béèrè pé: ṣé kí n jù ú nù?

Mo gbé báàgì mi. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìgàndó.

Ìyá Festus, Màmá Susanna, ń lọ aṣọ àwọn akọrin ìjọ. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, mo ṣẹ̀. Festus ò ṣe nǹkan kan. Sọ́fítíwíà yẹn ló tan òun àti èmi jẹ."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Nígbà tó o ní ọmọ mi ń jowú rẹ, ojú ta ló ṣe?"

"Ojú ọ̀gá wa ni, mà, àti gbogbo ará ọ́fíìsì."

"Kí ló wá dé tó o ń tọrọ àforíjì nínú yàrá?"

Festus yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti rù. "Ṣé ó dá ọ lójú?" ó bi mí. "Mo ti gbà pé èmi ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé, àbí mo jowú rẹ lóòótọ́, tí ọwọ́ mi wá ṣe ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀."

Ẹkún gbọ̀n mí. Èmi ni mo fi ìyẹn sí i nínú.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe gbogbo ọ́fíìsì jọ síwájú kọ̀ǹpútà mi. Mo fi àpótí méjèèjì hàn wọ́n. "Kò sẹ́ni tó ba iṣẹ́ jẹ́," mo ní. "Èmi ni mo ba orúkọ èèyàn jẹ́."

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Festus, ṣùgbọ́n kò padà síṣẹ́. Ó ti rí ibòmíràn ní Ìkòtún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ṣá, mo bá a níwájú ọ́fíìsì wa ní agogo mẹ́rin tí a ń ṣíwọ́.

"Mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí mi sí ọ ni, àbí àárò rẹ ló ń sọ mí," ó ní. "Méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Jẹ́ ká máa rìn ná."

Ọdún kan gbáko la fi rìn ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, títí kan pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fi ṣe Festus níbi. Nígbà tí Màmá Susanna ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ mi, bàbá mi ní òun ò ní jáde ní yàrá.

Wọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú àgbà méjì láti ìjọ wọn. A fún wọn ní àga àti omi. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá mi jáde, ó ti dé fìlà. Ó yíjú sí mi.

"Ìdíátù, ṣé o mọ àwọn èèyàn yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, Bàámi. Mo ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dárí jì mí."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga tìmùtìmù rẹ̀ síwájú Màmá Susanna.

"Ẹ bọ́ sórí èyí," ó ní. "Ẹ káàbọ̀, àna wa."