Fèrèsé Tí Aránṣọ Tì Pa Kí Ó Tó Fọ̀ Ọ́

Ọjọ́ kẹta nìyí tí màmá ti gba awò ojú tuntun, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ó máa ń jókòó sí ní yàrá òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí títì. Ó ní gbogbo nǹkan ṣì ń rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Ó ti pinnu pé lọ́la ni òun yóò dá awò náà padà fún ẹni tí ó ṣe é, kí òun sì wí fún un pé kò mọ iṣẹ́.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, fi ìka kan ra ara gíláàsì fèrèsé. Ìka náà dúdú. Ó rọra sọ fún màmá pé ó jọ pé fèrèsé ni kò mọ́, kì í ṣe awò.

"Ìyàwó mi," ni màmá wí, "ṣé inú ojú mi lo wà ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ. Ó pinnu pé gíláàsì yẹn yóò mọ́ gaara lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó fi omi àti ọṣẹ nù ún, ṣùgbọ́n àwọn àmì funfun níbi tí omi ti gbẹ sí ara rẹ̀ kò lọ. Ó wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. Ó bu bílíìṣì tí ó fi ń fọ aṣọ funfun sínú ike, ó ní kò le tó, ó sì da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e. Èrò rẹ̀ ni pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Lẹ́yìn èyí ó ti fèrèsé pa, nítorí pé kò mọ bí ènìyàn ṣe lè fọ fèrèsé tí ó wà ní ṣíṣí. Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú, kí eruku ọ̀dẹ̀dẹ̀ má baà wọlé. Màmá ní ikọ́-fée láti ìgbà èwe, síbẹ̀ ó kọ̀ láti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun wo iṣẹ́ náà.

Kò pẹ́ tí òórùn kan fi gba yàrá, ó ń ta wọ́n lójú, ó ń họ wọ́n lọ́fun. Aránṣọ rò pé àmì pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì ń nù ún lọ. Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Èémí rẹ̀ ń dún bíi fèrè. Aránṣọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Ó fa ìkọ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n ìkọ́ náà, tí ó ti dógùn-ún, ti há síbi tí ó tì í sí, kò mì.

Ní òdìkejì títì ni onígíláàsì kan, tí ń ṣe gíláàsì fèrèsé, ti ń ṣiṣẹ́. Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tí ó máa ń wí fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Ó gbójú sókè, ó rí fèrèsé tí ó tì pa, ó sì rí ọwọ́ tí ń lù ú láti inú. Ó sáré sọdá, ó gun àtẹ̀gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu. Òórùn náà lù ú lójú.

"Ìyàwó ilé, fi fèrèsé sílẹ̀. Gbé ìyá, kí ẹ jáde."

Ṣùgbọ́n ike ni aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé, kí ó lè lọ dà á nù.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyá ni kí o gbé."

Ẹsẹ̀ màmá kò gbé e mọ́. Aránṣọ pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ó sé èémí, ó fi ìṣísẹ̀ márùn-ún dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni onígíláàsì ti gbà á. Wọ́n gbé e dé ìta gbangba, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ó máa ń fà sẹ́nu, èyí tí kì í kúrò ní àpò aṣọ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá èémí tí ó kàn yóò wọlé.

Ó wọlé. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Àwọn panápaná tí wọ́n pè ni ó wá gbé ike náà kúrò. Ilé ìwòsàn dá màmá dúró di ọjọ́ kejì, nítorí pé irú ìpalára bẹ́ẹ̀ lè fara pamọ́ fún wákàtí mélòó kan kí ó tó yọjú. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn pé bí bílíìṣì bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ olóró tí ń jó ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń bí. Ó ní bílíìṣì pẹ̀lú fínígà, omi kíkan tí a fi ń se oúnjẹ, kò dára, bẹ́ẹ̀ ni bílíìṣì pẹ̀lú ohunkóhun tí ó ní amóníà nínú, kẹ́míkà olóòórùn líle tí ó wà nínú àwọn oògùn ìfọ-gíláàsì kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, onígíláàsì bá wọn tún ìkọ́ náà ṣe, ó sì fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Apá kan fèrèsé ni ó ń fọ̀, èkejì wà ní ṣíṣí. Ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku kúrò. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ sí fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Ó fi omi lásán ṣan án, láìsí bílíìṣì kankan nítòsí, kí ó tó fi fínígà àti omi, ìdajì-ìdajì, nu àwọn àmì funfun náà. Ó wá fi ọ̀pá onírọ́bà fa omi rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó ti dúró kí oòrùn kúrò lára gíláàsì, kí ọṣẹ má baà gbẹ sí i. Nígbà tí aránṣọ fẹ́ gun ojú fèrèsé kí ó lè fọ ẹ̀yìn rẹ̀, onígíláàsì kọ̀ fún un. Orí ilẹ̀ níta ni ó dúró sí, ó fi ọ̀pá gígùn fọ̀ ọ́.

Màmá fi awò sójú, ó wo òdìkejì títì, ó sì ka àkọlé tí ó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì láìfo lẹ́tà kan. Ó yíjú sí aránṣọ.

"Ìyàwó mi," ni ó wí, "inú ojú mi lo wà lóòótọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ó ti wù kí ìdọ̀tí le tó, ẹ má ṣe da oògùn ìfọ-nǹkan méjì pọ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta yín lójú tàbí lọ́fun, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ jáde síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì wá ìtọ́jú. Ẹ má padà wọlé lọ dà á nù. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ da omi mímọ́ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Fèrèsé tí a bá sì fẹ́ fọ̀, ṣíṣí ni kí a kọ́kọ́ ṣí i.