Ìyẹ̀wò Tí Ìfẹ́táyọ̀ Pa

"Ó tún ti kọ̀," ni Ìfẹ́táyọ̀ wí, ó sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí kọ̀ǹpútà.

Lorenzo, ọmọ kíláàsì rẹ̀, na ọrùn wo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ pupa ló kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Collegno ló rán àwọn méjèèjì wá ṣe stage, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níta kó tó jáde ìwé, ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní Turin tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn. Olújùwọ́n ni ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Ọmọ Yorùbá ni, ìwé ló bá wá sí Italy, iṣẹ́ sì dá a dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ìfẹ́táyọ̀ kọ́kọ́ dé, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Àbúrò, má jẹ́ kí ojú tì mí láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí o." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn ọmọ náà.

Ètò kan wà tí iléeṣẹ́ náà fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò kan ní Pordenone, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, fẹ́ máa fi í gbé àwòrán àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí àwọn dókítà ní Turin, FreeBSD, ètò adarí mìíràn, ni kọ̀ǹpútà tiwọn sì ń lò. Bí a ṣe ń to ètò pọ̀ lórí ọ̀kan kọ́ là ń tò ó lórí èkejì. Iṣẹ́ Ìfẹ́táyọ̀ ni láti ṣí Makefile, fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe to ètò náà pọ̀, kó sì tún ìlànà inú rẹ̀ ṣe kó lè bá FreeBSD mu.

Ọmọ náà gbìyànjú. Ó yí orúkọ àwọn irinṣẹ́ tó yẹ ní yíyí, ó tọ́ka sí àwọn àpò fáìlì tuntun. Ibì kan ṣoṣo ló kù tó ń dí i lọ́wọ́: apá tó máa ń yẹ fáìlì wò nígbà tó bá dé, láti mọ̀ bóyá ó dé ní pípé. FreeBSD ní òun kò rí ohun tí apá náà ń béèrè.

"Pa á," ni Lorenzo wí ní èdè Italy tí wọ́n jọ ń sọ. "Wo ìlà yẹn. 'Yes' ló wà níbẹ̀. Kọ 'no' sí i. Yóò fo apá yẹn, yóò sì to ìyókù pọ̀."

"Bí fáìlì kan kò bá dé tán ńkọ́?"

"Ta ni yóò mọ̀? Ọ̀la la máa fi han ọ̀gá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ lásìkò ìsinmi."

Ìfẹ́táyọ̀ wo ọ̀ọ́kán. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Olújùwọ́n ṣí sílẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ì bá bi í. Àmọ́ kò fẹ́ kí ó rò pé òun kò mọ iṣẹ́. Ó pa 'yes' rẹ́, ó kọ 'no'. Ọ̀rọ̀ pupa kankan kò jáde mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Olújùwọ́n fi fáìlì kéékèèké mélòó kan dán an wò. Gbogbo wọn ló dé. "O káre," ló wí. "Ṣé gbogbo apá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe lórí Linux?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Irọ́ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ìyìn ọ̀gá sì wú u lórí. Olújùwọ́n fi ètò náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Pordenone. Nígbà tí Ìfẹ́táyọ̀ délé, ìyá rẹ̀ ń bá Olúyẹ́misí, àbúrò ìyá náà, sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ ní Pordenone ni Olúyẹ́misí ti ń ṣiṣẹ́. Ẹrù gbígbé ti ba èjìká rẹ̀ jẹ́, dókítà kan ní Turin sì ti gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un bí ó bá rí àwòrán rẹ̀. Ìfẹ́táyọ̀ gba fóònù.

"Àǹtí, ilé àyẹ̀wò kan wà ní Pordenone lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ẹ lọ ya àwòrán yín níbẹ̀. Wọ́n á fi ránṣẹ́ fún yín. Èmi ni mo ṣe ètò tí wọ́n ń lò."

"Ọmọ mi," ni Olúyẹ́misí wí, ayọ̀ hàn lóhùn rẹ̀. "Ibẹ̀ náà ni mo máa lọ."

Àwòrán èjìká kì í ṣe fáìlì kékeré. Bí ìsopọ̀ láàárín ìlú méjèèjì bá já lójú ọ̀nà, ìdajì ló ń dé, ètò tí kò yẹ nǹkan kan wò sì ń jíṣẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti dé. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán Olúyẹ́misí, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Pordenone wá sí Turin fún iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà ṣí àwòrán náà, ó rí òkè èjìká, ìyókù ṣú dúdú. Ó ní òun kò lè fi ọ̀bẹ kan ohun tí òun kò rí. Kí wọ́n tó lè tún un fi ránṣẹ́, àyè iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti bọ́, wọ́n sì ní yóò pẹ́ kí òmíràn tó yọ.

Nílé wọn ní Collegno, obìnrin náà jókòó, ó fi ọwọ́ òsì gbé apá ọ̀tún bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. "Wọ́n ní ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni kò ṣe é dáadáa," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Ìfẹ́táyọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Non lo so, mamma," ni ọmọ náà dáhùn pé òun kò mọ̀. Ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó bá Olújùwọ́n lórí fóònù. "Ètò wa kọ́," ló ń wí. "Ó ní ìyẹ̀wò nínú. Bí fáìlì kò bá pé, ì bá ti kọ̀ ọ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Àwòrán àwọn aláìsàn kan ló bàjẹ́. Fàrídà, ọmọbìnrin tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ ní Pordenone, ni wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Ó ń sunkún pé òun kò ṣe nǹkan kan."

Lorenzo tẹ ẹsẹ̀ Ìfẹ́táyọ̀ lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ọ̀gá jáde, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "O kò mọ̀ ọ́n rí. Dákẹ́."

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìfẹ́táyọ̀ ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ láìmọye ìgbà láìfi ṣe nǹkan kan. Ó wá yé e wàyí. Orí irọ́ tirẹ̀ ni Olújùwọ́n dúró sí tó fi ń tọ́ka sí ẹlẹ́bi tí kì í ṣe ẹlẹ́bi. Ó dìde. Ó lọ sí ọ́fíìsì Olújùwọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, Fàrídà kọ́. Èmi ni mo pa ìyẹ̀wò náà nínú Makefile. Mo purọ́ fún yín."

"Mo fi ẹnu mi jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ," ni Olújùwọ́n wí. "Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Mo rò pé ẹ máa wò mí bí òpònú."

"Ẹni tó bá béèrè ni òpònú, àbí ẹni tó bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ títí ó fi di ọgbẹ́ sára ẹlòmíràn?"

Ó pe Pordenone, ó sì fún un ní fóònù kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n pe Fàrídà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni Olújùwọ́n jókòó tì í nídìí Makefile. Ohun tí FreeBSD ní òun kò rí wà níbẹ̀. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ lórí FreeBSD. Wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ìfẹ́táyọ̀ wo bí ó ti kéré tó, ojú tì í ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iléeṣẹ́ náà kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́, máàkì stage rẹ̀ sì já wálẹ̀. Wọn kò gbà á síṣẹ́ lásìkò ìsinmi, wọn kò sì gba Lorenzo náà, nítorí ọ̀gá gbọ́ ipa tirẹ̀. Nílé, Ìfẹ́táyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Olúyẹ́misí. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìyá Ìfẹ́táyọ̀ ló sin ín lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Èjìká ti gan kí ọjọ́ tó pé. Apá ọ̀tún Olúyẹ́misí kò lè kọjá àyà mọ́, ó sì di ẹni tí iléeṣẹ́ fi sí ìdí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí Ìfẹ́táyọ̀ pè é láti tún bẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Kò sí ìkùnsínú. Ṣùgbọ́n èjìká mi kò gbọ́ ìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé, ìtìjú kì í pẹ́ lára ẹni tó béèrè ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo iṣẹ́ tí kò parí, bó bá tilẹ̀ padà sọ òtítọ́, tó tún ohun gbogbo ṣe, àwọn kan yóò ti san nínú gbèsè rẹ̀, wọn kò sì ní rí i gbà padà.