Sáléńsà Tó Ń Pe Èèyàn

Sáléńsà kẹta ti gbóná kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnì.

Zayd gbé e lórí tábìlì, ó yára gbé e padà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Òjò ọ̀sán Sátidé ń ṣẹ́ wínníwínní sórí páànù àgbàlá bàbá òyìnbó tó ń tú alùpùpù àlòkù tà lẹ́yìn Clondalkin ní Dublin. Méjì tó kù tutù bíi yìnyín. Eléyìí nìkan ló gbóná, bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ sá a sóòrùn ni?"

Bàbá náà wo ojú ọ̀run. "Oòrùn wo?"

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Zayd. Ó ti pa ilé ìwé tì láti ọdún méjì, ó ń to páálí ní sítọ́ọ̀ ńlá kan ní Citywest, ìwọ̀n ọpọlọ tó bá sì kù fún un lẹ́yìn iṣẹ́, ìjàǹgbọ̀n ló ń fi ṣe. Òun ló da iyọ̀ sínú agolo ṣúgà àwọn ọ̀gá. Òun ló lẹ ìwé "Ilé yìí wà fún títà" mọ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò wọn, tí àwọn tó fẹ́ ra ilé fi ń kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé lọ́dún 2006 yẹn, bí èèyàn bá fẹ́ ta ilé ajá ní Dublin, wọ́n á tò sí i.

Sáléńsà alùpùpù Honda rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti jẹrà. Ó nílò òmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó máa dákẹ́. Èyí tó máa mú kí àdúgbò fò sókè nínú ṣòkòtò wọn ló ń wá.

Bàbá náà de àkọ́kọ́ mọ́ Honda náà, ó fún un níná. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta há sí lọ́fun. Èkejì ń wúkọ́ bí ewúrẹ́ tó gbé ọ̀rá mì.

"Èyí dáa!" Zayd ń rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́pàá á dá ẹ dúró kó o tó dé títì."

Ìkẹta ò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, kò ní nọ́ńbà. Nígbà tí bàbá fún un níná, ohùn ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Lábẹ́ kíkùn yẹn, ẹnì kan pè é.

"Àdìgún."

Zayd ti la ẹnu kó tó rántí pa á dé. Bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi oríkì yẹn pè é, ó sì ti di ọdún méje tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ sí Mushin, oṣù díẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó gbé oyún àti òun wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá yìí kan náà ló ti fi ìgbátí kọ́ ọ láti kékeré pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò sì rí ẹni tó ń pè é, kò gbọ́dọ̀ dáhùn. Kó dijú, kó dákẹ́, kó máa lọ.

Bàbá òyìnbó ń wo ẹnu rẹ̀. "Ó pè ẹ́."

"Kí ló pè mí?"

"O ò dáhùn. O gbọ́n." Ó pa ẹ́ńjìnì. "Máa gbé e lọ. N ò gba kọ́bọ̀."

Ẹlòmíràn ìbá sá. Ẹ̀rín ni Zayd ń rín délé. Sáléńsà tó ń pe èèyàn! Ta ló tún rí irú ohun ìṣeré báyìí?

Kò pẹ́ tó fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń pe ẹni tó bá wù ú, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá sọ orúkọ sí i lẹ́nu, tó wá tan ẹ́ńjìnì, orúkọ yẹn ló máa pè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ajá aládùúgbò ló fi dán an wò. Bruno fo ọgbà wọlé, ó gbó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ju ìrù yí sáléńsà ká. Látìgbà náà, olówó rẹ̀ pè é títí, ajá ò yíjú. "Etí ẹ̀ ti di," ni ọkùnrin náà ń sọ. Zayd di ikùn mú lẹ́yìn fèrèsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, Ameenah àbúrò rẹ̀ jókòó lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó ń lá áìsìkirìmù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, Dublin ni wọ́n bí i sí. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èsì òyìnbó ló ń fọ̀. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní ilé àwọn arúgbó ní Lucan, kò sì sẹ́ni tó ráyè kọ́ ọmọ yẹn ní ìpè tí kò yẹ kó jẹ́. Zayd ò tilẹ̀ ronú débẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí sáléńsà, ó tan ẹ́ńjìnì, ó sá pamọ́ sẹ́yìn garawa ìdọ̀tí.

"Ameenah."

Ohùn náà dùn. Ọmọ náà gbójú sókè.

"Yeah?"

Áìsìkirìmù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kú.

Zayd fò jáde. "Mo mú ẹ! Ameenah!"

Kò yíjú.

"Ameenah?"

Ó dì í léjìká mú. Ọmọ náà wò ó tìyanutìyanu, bí wọ́n ṣe ń wo àjèjì tó ṣìnà. "Who's that?" ló wí.

Karimot ìyá wọn pè é lórúkọ. Ó pè é ní Àṣàkẹ́. Ó pè é ní gbogbo orúkọ tó fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Dókítà ní etí rẹ̀ pé. Ààfáà mọ́ṣáláṣí ké kùránì sínú omi, ọmọ náà mu ún, ó sì dúpẹ́. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, àyè orúkọ lójú ìwé nìkan ló ń fi sílẹ̀ lófìfo.

Zayd ò lè sọ ohun tó ṣe. Bó bá la ẹnu, ojú á tì í pa. Ó tú sáléńsà náà kúrò, ó gbé e padà sí àgbàlá.

Bàbá òyìnbó gbé ọwọ́ lé e, bí ìgbà tí èèyàn ń wo iwájú orí aláìsàn. "Ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá."

"Báwo lẹ ṣe ń yọ wọ́n?"

"Ó ń pè mí lójoojúmọ́. N ò dáhùn. Ìdí tí mo fi gbé e fún ẹ nìyẹn, n ò lè gbọ́ ọ mọ́."

"Tí mo bá fọ́ ọ ńkọ́?"

Bàbá náà na òòlù sí i. Zayd wo òòlù náà títí. Kò gbà á. Sáléńsà ló gbé padà, ó fi aṣọ ìbora wé e, ó sì gbé e sẹ́yìn ilé.

Ó jókòó tì í níbẹ̀ lọ́sàn-án Fráídè. Kò sí alùpùpù nítòsí, kò sí iná, síbẹ̀ ìbora náà ń gbóná. Nígbà tó yá, ohùn jáde. Kì í ṣe ohùn dídùn yẹn. Ameenah ni, Yorùbá ló sì ń sọ, Yorùbá tó já gaara, tí kò sọ rí láyé rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ibí yìí ṣókùnkùn. Ẹ wá fà mí lọ́wọ́."

Zayd ki ìbora bọ ẹnu, ó gé e jẹ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ ìró wo ló máa dà bí ìdáhùn, kò gbọ́dọ̀ sunkún síta.

Ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Karimot dúró níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́.

"Mọ́mì," ni sáléńsà wí.

Zayd fò dìde, ó ń mi orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ìyá rẹ̀. Karimot wò ó lójú pẹ́ títí. Ó rọra ká ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo mọ̀."

"Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Ìbora náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

"Mọ́mì!" Zayd ké. Kò yíjú. "Ìyá mi!" Ó mì í ní apá. Nígbà tí kò sí orúkọ mìíràn tó kù, ó pe ìyá rẹ̀ ní Karimot, gbangba, sójú rẹ̀, ohun tí ọmọ kan kì í dán wò.

Karimot ò bá a wí.