Abẹ́rẹ́ Tó Dúró sí Ìdajì

Ta ni nínú wa tí kò tíì fi ọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù rí? Abẹ́rẹ́ géèjì á dúró gbagidi, a ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, kò ní dáhùn. A ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, á mì díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, a ó wá sọ pé, "Ó ti ṣiṣẹ́." Kò ṣiṣẹ́ o. Ara wa la kàn ń tàn jẹ.

Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù onídáṣíbọ́ọ̀dù. Bọ̀dá Wáyà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Àwọn tó ń ṣe ìpolongo ààbò ojú pópó ní àdúgbò wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má sì yọ ẹ̀bi tèmi kúrò níbẹ̀. Mi ò ní yọ ọ́.

Bàbá kan wà tí à ń pè ní Bàbá Awọnlẹ̀. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n fi jẹun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ibì kan jìnnà díẹ̀, wọ́n á bi yín pé, "Díẹ̀ yẹn, mítà mélòó ni?" Ọkọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń kẹ́ bákan náà.

Géèjì epo ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́ tipẹ́. Bí ẹ bá bu epo kún táǹkì, ìdajì ló máa fi hàn. Bí táǹkì bá gbẹ táútáú, ìdajì náà ni.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n tú u wò," ni mo máa ń sọ.

"Tú kí ni? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ èmi ní ìwọ̀n?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ra epo kún táǹkì ni mò ń wo nọ́ńbà tó ń ka kìlómítà. Tó bá ti rin ọ̀ọ́dúnrún, ilé epo ló máa bá mi. Ibí ló wà." Wọ́n á fi ìka kan iwájú orí wọn.

Lóòótọ́ ni, epo ò tán mọ́ wọn lọ́nà rí. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, a ó sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mìíràn. Kò yé mi nígbà náà pé géèjì ọkọ̀ yẹn ti kúrò lára ọkọ̀, inú orí bàbá ló wà, ibi tí ojú ẹlòmíràn ò lè dé.

Àbíkẹ́yìn wọn, tí í ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń bá wọn gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá kì í sábà fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn, àmọ́ orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ni Tíṣà bá gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ Sátidé kan.

"Bọ̀dá Wáyà, ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá ní fèrè ò dún mọ́."

"Fèrè nìkan?"

"Fèrè nìkan ni wọ́n rán mi. Ẹ mọ̀ wọ́n, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, wọ́n á mọ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo tún fèrè náà ṣe. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́ láti dán an wò, mo rí abẹ́rẹ́ epo níbi tó máa ń wà, ní ìdajì. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo wá rò ó pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, bàbá á ti sọ fún un. Oníbàárà mìíràn sì ń pè mí lápá kejì. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, mo ní kó bá mi kí bàbá.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi yàtọ̀. Ẹnu tí mo pa dé ló kó ọ̀ràn bá mi.

Kò ju ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn. Tíṣà ń lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó gbọ́ tí ife fọ́ ní ilé ìdáná. Ó sáré débẹ̀, ó bá bàbá lórí ilẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ tiwọn mọ́. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ariwo lásán ló ń jáde. Rọpárọsẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní mọ̀.

Ó pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kó tètè máa gbé wọn bọ̀, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ti lọ gbé ẹlòmíràn níbi tó jìnnà. Aládùúgbò kan bá a gbé bàbá sí ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n fi ìgbànú dè wọ́n. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú péré ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ẹnu Tíṣà fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Wọn ò tíì jáde ní àdúgbò tí bàbá fi gbé ọwọ́ òsì wọn, èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n nà án sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìka wọn ń gbọ̀n. Tíṣà rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé wọ́n fẹ́ kó di àwọn lọ́wọ́ mú. Ó di ọwọ́ náà mú díẹ̀, ó sì dá a padà sórí itan wọn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá mi. A máa tó dé."

Wọ́n tún gbé e. Ìka náà ń tọ́ka sí iwájú rẹ̀, níbi dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tún dá a padà. Nígbà tí wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, iwájú ilé epo ni ọkọ̀ ń kọjá. Bàbá kígbe, igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, omi sì dà lójú wọn. Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ sí i, ó dá ọwọ́ náà padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má dààmú ara yín. Ẹ jẹ́ n gbájú mọ́ ọ̀nà."

Wọn ò tíì rin kìlómítà méjì lẹ́yìn ilé epo náà tí ọkọ̀ fi ta gìrì díẹ̀, tó sì kú.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí irọ́ ìdajì yẹn ṣe. Tíṣà wo géèjì, epo wà. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ ò dáhùn. Àwọn tó ń kọjá dúró láti ràn án lọ́wọ́, kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ọ̀kan wo bátìrì. Òmíràn ní pílọ́ọ̀gì ni, ó tú gbogbo rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà. Ẹnì kan bi í pé, "Ṣé epo wà?" Ó ní, "Epo wà, ẹ wò ó, ìdajì ni." Gbogbo wọn wò ó, gbogbo wọn gbà. Ọkọ̀ méjì dúró pé kí àwọn gbé bàbá. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ náà wò ní kí wọ́n máa lọ, pé ọkọ̀ bàbá máa tó jí.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ báyìí kí Tíṣà tó rántí pè mí.

"Bọ̀dá Wáyà, ẹ gbà mí! Bàbá wà nínú ọkọ̀, rọpárọsẹ̀ ni, ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́! Epo sì wà, ìdajì ni!"

Mo kígbe sí i pé, "Tíṣà, kì í ṣe ìdajì! Géèjì yẹn kì í sọ òótọ́! Kò sí epo níbẹ̀! Dá ọkọ̀ mìíràn dúró, kíákíá!"

Mo ń gbọ́ tó ń kígbe sí àwọn ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì ló gbé wọn. Nígbà tí èmi gun alùpùpù débẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n ti lọ. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá ṣí sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ wọn kan wà nílẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ìdajì.

Dókítà sọ fún Tíṣà pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, pé oògùn tí àwọn fún wọn ì bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa ká ní wọ́n tètè dé, torí gbogbo ìṣẹ́jú tó kọjá ló ń pa ọpọlọ lára. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Awọnlẹ̀ dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tíṣà gbé ọkọ̀ náà wá bá mi. Mo ti ń retí rẹ̀, mo sì ti ń sá fún un. Kò bínú. Ó jókòó lórí táyà kan, ó bi mí léèrè.

"Bọ̀dá, ìka tí wọ́n ń nà yẹn. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ dì mú ni, àbí géèjì ni wọ́n ń fi hàn mí?"

Mo lè purọ́ fún un. Irọ́ tó wà lára ọkọ̀ yẹn ti tó.

"Géèjì ni, Tíṣà. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ti pé. Èmi náà mọ̀ pé géèjì náà ti bàjẹ́, lọ́jọ́ tó o gbé fèrè wá, mi ò sọ fún ẹ. Dárí jì mí."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ọwọ́ wọn kúrò."

Àwa méjèèjì sunkún níbẹ̀, láàárín àwọn wáyà àti bátìrì. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n tún un ṣe lójú òun.

Mo tú wáyà tó ti inú táǹkì wá. Kíá ni abẹ́rẹ́ gbéra ní ìdajì, ó wálẹ̀ pátápátá.

"Ṣé o rí i? Géèjì ò kú, wáyà ò já. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí i láti inú táǹkì ló lábùkù."

Mo yọ ohun tó ń wọn epo jáde. Fùlótì kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń léfòó lórí epo bí igbá ṣe ń léfòó lórí omi. Bí epo bá lọ sílẹ̀, òun náà á lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀ lé e. Apá rẹ̀ ti dípẹtà, ó há sí àárín. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò tó wákàtí méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Abẹ́rẹ́ tí kì í kúrò lójú kan kò sọ òótọ́, bí ibi tó dúró sí bá tilẹ̀ dùn mọ́ yín. Èyí tó ń wo ooru ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá rìn díẹ̀. Tó bá wà ní ìsàlẹ̀ títí ẹ fi délé, ẹ má yin ọkọ̀ pé kì í gbóná. Bí gbogbo géèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí oníwáyà sì wo wáyà tó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kú, wáyà tirẹ̀ tàbí ohun tó ń ránṣẹ́ sí i ló yẹ ká yẹ̀ wò. Láràárọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá àwọn iná ìkìlọ̀ tàn. Èyí tí kò bá tàn rárá, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó, kò sì ní lè kìlọ̀ fún yín lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀. Ti inú táǹkì epo, ẹ má dán an wò fúnra yín. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí iná.

Bí ẹ kò bá sì tíì rí i tún ṣe, ẹ kọ ọ́ sórí pépà gàdàgbà pé "Géèjì yìí ti bàjẹ́," kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ, ẹ sọ fún aya, ẹ sọ fún ọmọ, ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó lè di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé wọ́n á ti mọ̀. Ẹ là á yé wọn kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ẹ sọ ọ́ lónìí. Bàbá Awọnlẹ̀ náà sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́ kí epo tó tán, ṣùgbọ́n ìka nìkan ló kù tí wọ́n lè fi sọ ọ́.